Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sleeve: ẹ̀bà kò lọ, màmá mi sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn

Àbẹ̀ní_Woolwich

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kàn mí wàyí. Ó lé díẹ̀ ní oṣù méjì tí wọ́n ṣe sleeve fún mi, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé apá tó pọ̀ nínú ikùn kúrò kí èèyàn lè fọn, ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ojú abẹ ti jiná. Ẹ̀jẹ̀ mi tó máa ń ru ti wálẹ̀ débi pé GP, dókítà àdúgbò mi, ti yọ ọ̀kan nínú òògùn méjì tí mò ń lò. Orúnkún tó máa ń dùn mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ti rọlẹ̀. Mo dúpẹ́.

Oúnjẹ ló ń dà mí láàmú. Ìwé tí wọ́n fún mi kún fún ọ̀dùnkún gígún, yógọ́ọ̀tì àti ẹja inú agolo. Wọn ò mẹ́nu ba ẹ̀kọ, wọn ò mẹ́nu ba àmàlà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo bu ẹ̀bà díẹ̀, kò tó àtàǹpàkò, mo fi ọbẹ̀ ilá gbé e mì. Ó dúró sí mi láyà gbọn-in. Itọ́ ń hó lẹ́nu mi, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde, àfi ìgbà tí mo bì í tán ni ara tó tù mí. Ṣé èmi àti òkèlè ti pínyà nìyẹn?

Ìkejì, màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n á lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí màmá rí mi lórí fídíò WhatsApp, wọ́n ní, "Kí ló ń gbẹ ọ́ báyìí? Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi?" Wọ́n ti gbé orúkọ mi fún àwọn aládùúrà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Àbúrò mi, kú ewu o. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i.

Bypass ni tèmi, èyí tí wọ́n ti ń sọ ikùn di kékeré tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ìfun, ó ti pé ọdún mélòó kan, mo sì ń jẹ oúnjẹ ilé wa. Jẹ́ kí n là á yé ọ. Àwa Yorùbá kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé la máa ń gbé e mì. Ikùn àtijọ́ gba bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ báyìí kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ, tóóró ni, gààrí sì tún máa ń wú tó bá rí omi. Iyán àti fùfú le ju ẹ̀bà lọ, torí pé wọ́n ń fà. Àmàlà tí wọ́n rò tó rọ̀, tí ewédú pọ̀ lórí rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbà fún mi, mo sì ti pẹ́ dáadáa kí n tó dán an wò. Má kánjú. Ẹ ò tíì pínyà, ẹ kàn ń sinmi fún ara yín ni.

Bí mo ṣe ń jẹun rèé: ẹja tàbí ẹyin ni mo ń kọ́kọ́ fi ẹnu kàn. Ẹ̀fọ́ ló tẹ̀ lé e. Tí àyè bá ṣẹ́ kù ni òkèlè tó dé, lọ́pọ̀ ìgbà àyè kì í ṣẹ́ kù. Purotéènì bí i 60 sí 80 gíráàmù ni wọ́n máa ń ní ká rí jẹ lóòjọ́, ẹyin kan ṣoṣo kò sì ju bí i 6 lọ. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀, wàá rí i pé kò sí bí ẹ̀bà ṣe lè gba iwájú.

Mọ́ínmọ́ín ló yọ mí. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, tí epo rẹ̀ kò pọ̀, tí ata rẹ̀ kò ta. Ẹyọ kan lè jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, kó tún ṣẹ́ kù dọ̀sán. Ẹ̀kọ mímu náà dára, ṣùgbọ́n ògì nìkan kò ní ohun tí ara ń wá, po wàrà sóyà mọ́ ọn. Mo sọ sóyà torí pé wàrà màlúù máa ń da inú ọ̀pọ̀ nínú wa rú, ó sì lè burú sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹran tó yi, pọ̀nmọ́ àti ìgbín, gbàgbé wọn ná. Ata rodo, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa fi kún un.

Má sì mu omi mọ́ oúnjẹ o! Dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó o bá jẹun tán. Èyí ló nira jù fún mi, torí nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, omi ló máa ń ṣáájú abọ́ dé orí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó le níbẹ̀ sọ.

Kí ẹ̀bà há lẹ́ẹ̀kan kí èèyàn sì bì í, ìyẹn kì í ṣe bàbàrà. Àmọ́ tí èébì bá di ojoojúmọ́, tàbí tí omi lásán kò bá dúró nínú, ẹ pe àwọn tó ṣe é fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ti fún. Ewu mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: fítámì B1 tètè máa ń tán lára ẹni tó ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìsí rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́. Ìrìn á máa ta gẹ́gẹ́, ojú á máa rí nǹkan ní méjìméjì, èèyàn á máa gbàgbé. Ó yẹ kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá wà níbi tí dókítà kò ti mọ ìtàn yín.

Ibà, àyà tó ń lù kìkì láìṣe pé ẹ sáré, ikùn tó ń dùn tó ń ta dé èjìká, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń ro yín, èémí tí kò délẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn (A&E) ló kàn. Láti ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ pé ẹ ṣe sleeve.

Fítámì, títí ayé ni. Multivitamin lójoojúmọ́, D pẹ̀lú kálísíọ̀mù, áyọ́ọ̀nù (iron), àti B12 tí wọ́n sábà máa ń gún lábẹ́rẹ́ fún wa níbí ní oṣù mẹ́tamẹ́ta. Ẹ má lo áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi bí i wákàtí méjì sáàárín wọn. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé kí ilé ìwòsàn tó ṣe é máa bójú tó yín fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa yẹ̀ yín wò lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá gbàgbé yín, ẹ̀yin ẹ má gbàgbé wọn. Àwọn tó lọ ṣe é ní Tọ́kì, ẹ rí i pé ìwé iṣẹ́ abẹ yín wà lọ́wọ́ GP, torí òun ni kò mọ nǹkan kan.

Bàbá_Ọjàaba

Ẹ má bínú o, àgbà ni mí. Gbogbo wàhálà yìí torí pé èèyàn sanra? Ṣé kí èèyàn dín oúnjẹ alẹ́ kù kó sì máa fẹsẹ̀ rìn kò tó ni? Láyé tiwa, ẹni tó bá sanra, wọ́n á ní owó ti wọ ilé rẹ̀. Àgbo wà tó ń fọ inú mọ́. Ìyàwó àbúrò mi mu ún, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ọmọ_Agége

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Mo dín oúnjẹ kù, mo rìn, mo gbààwẹ̀. Ọ̀rá á lọ, á sì padà wá pẹ̀lú èlé. Ohun tí dókítà fi yé mi ni pé ara tó ti sanra dé ibi kan máa ń jà fún ọ̀rá rẹ̀: bó o bá ṣe ń fọn, bẹ́ẹ̀ ni ebi á máa le sí i. Nínú sleeve, ó máa ń tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn tí wọ́n ń gé kúrò, ibi tí wọ́n gé yẹn náà sì ni ghrelin, ohun tó ń ránni níṣẹ́ ebi, ti ń wá jù. Kì í ṣe pé àwa kò lè kó ara wa níjàánu.

Àgbo náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ẹ má fẹnu kàn án, pàápàá èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Ọtí máa ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣe bypass tàbí sleeve, ife kékeré á ti gbé e lọ. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà fún wa ní kẹ́míìsì bí ẹni ń ta súwíìtì, wọ́n lè dá egbò sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti so ikùn pọ̀ mọ́ ìfun àwa oní-bypass. Parasítámọ́ọ̀lù ni tiwa.

Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé èmi débẹ̀, Èkó níbí ni wọ́n sì ti ṣe é fún mi. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín insulin mi kù, torí tí mo bá lo iye tàtijọ́, ṣúgà á já wálẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí dókítà sì máa tún òògùn ṣe. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Òde ni wàhálà tèmi. Ọkùnrin tó jókòó síbi ìnáwó tí kò fọwọ́ kan jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n á ní ó ń bá olóde bínú. Mo ti wá rí ọgbọ́n rẹ̀ dá: mo máa ń gba abọ́, màá fọ́ ẹja inú rẹ̀ jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, màá ní kí wọ́n di ìyókù sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ. Ta ló ń bínú sí ẹni tó ń di oúnjẹ lọ sílé? Mọ́ọ̀tì ni mo sá fún pátápátá. Mo mu ún níbi ìkómọ kan, àyà mi ń já, òógùn bò mí, orí àga olóde ni mo sùn sí. Dumping ni wọ́n ń pè é, ṣúgà ló ń rọ́ wọnú ìfun láìdúró.

Bàbá_Ọjàaba

Ó yé mi díẹ̀ wàyí. Ọ̀rọ̀ àgbo yẹn nìkan ni n kò tíì gbà.

Àbẹ̀ní_Woolwich

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti se mọ́ínmọ́ín, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò tún bì mí mọ́.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ màmá ńkọ́? Wọn ò lè rí ọmọ wọn kó máa jẹ ṣíbí mẹ́ta kí wọ́n sì dákẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Manchester

Má sọ! Mo sọ fún màmá tèmi ní ọ̀sán, kó tó di alẹ́, gbogbo agboolé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti gbọ́. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń sọ pé àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n gé fún mi, pé sleeve ni mo fi ń bo ojú. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé: kí obìnrin kàn fọn lójijì, èyí tó dáa jù nínú ohun tí wọ́n á sọ ni pé ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Èyí tó burú, wọn kì í sọ ọ́ síta. Kó o kàn ní ò ń ṣọ́ oúnjẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Irọ́ kọ́.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Rárá o, Ọmọ Ìjẹ̀bú. Àlejò ọ̀sẹ̀ kan lèèyàn ń sọ ìyẹn fún. Ìyá tó fẹ́ lo oṣù mẹ́ta, tó ń se oúnjẹ nínú ilé, tó ń rí òògùn lórí fìríìjì? Ohun tí wọn ò bá mọ̀ ni wọ́n á fi ọkàn ara wọn rò, ìrònú ìyá sì máa ń burú ju òótọ́ lọ. Àbúrò, sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀jẹ̀ ríru, torí wọ́n mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa. Kó o wá sọ fún wọn pé ohùn tìrẹ ni ọ̀rọ̀ náà á ti jáde, kì í ṣe ohùn tiwọn.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, àmọ́ ẹni tó bá wà nílé pẹ̀lú yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru tí ọkọ yín sì wà níbi iṣẹ́, màmá ló máa bá àwọn ambulance sọ̀rọ̀.

Alhaja_Ìwó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi há a. Kò tíì pé ọdún tí mo ṣe bypass, ààwẹ̀ Ramadan sì ń bọ̀. Ara mi le, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀lẹ ni mo ṣe.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Alhaja, omi ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ń fà á látàárọ̀ kó tó pé lítà kan ààbọ̀. Láàárín ìṣínu àti sààrì, ẹ gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi, kẹ́ ẹ sì tún sùn. Kò lè gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kéèyàn gbà á lọ́dún àkọ́kọ́. Al-Kùránì fúnra rẹ̀, Súrà Bákárà ẹsẹ 184, ti fún aláìsàn láyè láti san án lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bá dókítà àti àáfà yín sọ̀rọ̀, ẹ má dá a ṣe.

Alhaja_Ìwó

Jazakallahu khairan. Ọkàn mi balẹ̀.

Onídìrí_Peckham

Èmi kò ṣe iṣẹ́ abẹ, irun ni mò ń dì, mo sì ti mọ àwọn tó ṣe é láti orí àga mi. Bó bá ti ń di oṣù kẹta, kẹrin, irun á máa bọ́ tẹ́wọ́tẹ́wọ́, oníbàárà á bú sẹ́kún. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ó sì máa ń padà hù. Ẹ̀yin kan ni ẹ ń ba tiyín jẹ́: ẹ rí i pé ó ń bọ́, ẹ wá di ṣùkú tó fún lé e, tàbí kẹ́ ẹ rán weave-on mọ́ ọn, etí irun á sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ wẹ́ gèlè. Tó bá ti lé ní ọdún kan tó ṣì ń bọ́, ẹ lọ yẹ áyọ́ọ̀nù wò, kì í ṣe òróró irun.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún télọ̀ yín kó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán, kó má gé léèsì olówó ńlá mọ́ ara tó ṣì ń yí padà. Mo rí ẹnì kan tí aṣọ ẹbí oṣù kẹfà já bọ́ léjìká rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án.

Ẹni_Kan_Lọ́ńdọ̀nù

Mo ní kí n má sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tí mo bá délé láàárọ̀, abọ́ ìrẹsì àti dòdò ni mo fi ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ti parí, pé ẹnì kan kú iṣẹ́ fún mi. Ní báyìí, ìrẹsì náà kò lọ, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Èèyàn ń kí mi pé mo dára, inú mi kò dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáìnì rọ́pò rẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni?

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ìwọ nìkan kọ́, àti pé inú mi dùn pé o sọ ọ́. Wọ́n gé ikùn, wọn ò gé ìdánìkanwà. Wáìnì yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún àwọn dókítà rẹ, ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ìrẹsì lọ, torí ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ ọtí lẹ́yìn bypass. Èmi lọ bá onímọ̀ ọkàn. Wọ́n ní kí n wá nǹkan mìíràn tí màá fi kí ara mi kú iṣẹ́. Omi gbígbóná àti rédíò Yorùbá ni mo mú, mo máa ń jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀ títí ìròyìn á fi parí. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ká máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ tó o bá ti délé. Alẹ́ ṣì ni lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Mo fara mọ́ èyí. Tí ilé ìwòsàn yín bá ní onímọ̀ ọkàn nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹ bèèrè fún un.

Kí n má gbàgbé: ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bi ní ilé ọkọ pé "ọmọ dà", iṣẹ́ abẹ yìí máa ń jẹ́ kí oyún tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ dúró kó tó oṣù méjìlá sí méjìdínlógún kẹ́ ẹ tó lóyún. Ẹ̀yin oní-bypass, ẹ má gbára lé kóró ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbé mì, ó lè má wọ ara dáadáa. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń fi sí apá tàbí sí ilé ọmọ.

Àbẹ̀ní_Woolwich

Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé iná ti lọ ní Bódìjà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé wọ́n da èyí tí wọ́n gé náà nù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Wọ́n ní kí ló dé tí n kò sọ kí wọ́n bá mi gbààwẹ̀ sí i. Inú bí wọn, kò tíì tán nínú wọn. Àmọ́ lówùúrọ̀ wọ́n pè láti bèèrè irú ẹja tí wọ́n lè gbé gba kọ́sítọ́ọ̀mù, àti pé ṣé elùbọ́ tí wọ́n ti rà ni kí wọ́n fún àwọn ará ilé ni.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Kí wọ́n gbé elùbọ́ náà wá! Ọkọ rẹ ń jẹ àmàlà, àbí?

Bàbá_Ọjàaba

Ọmọ Agége, mo ní ìbéèrè kan, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọbìnrin mi kan wà ní Birmingham, ó sanra, ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ ọ́. BMI rẹ̀, ìṣirò tí wọ́n fi ń gbé ìwúwo wé gíga èèyàn, jẹ́ 34, wọ́n sì sọ fún un pé 35 ni ìlà fún iṣẹ́ abẹ yìí. Ṣé kò sí ọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbà á sọ. Ìlà náà máa ń wálẹ̀ pẹ̀lú 2.5 fún àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀, NICE ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó padà lọ bá GP rẹ̀, kó sọ gbólóhùn yẹn fún un bó ṣe wà, kó sì mẹ́nu kan ìtọ̀ ṣúgà náà. Wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìsanra fún ìgbà díẹ̀, kó lọ, kó má jà.

Ọmọ_Agége

Bàbá, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kàn má fi ìgò àgbo ránṣẹ́ sí Birmingham ni.